Ẹni tó bá kúrò nínú ẹgbẹ́ ṣì lè padà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, àwa mẹ́rin la jọ ń kọrin jùjú ní Muṣin, èmi ni mo ń ta gìtá. Ìgbà tí mo ríṣẹ́ sí báńkì, mo ní mi ò ráyè mọ́. Látìgbà náà, bí mo bá rí ọ̀kan nínú wọn lójú títì, ń ṣe ni mo máa ń yà síbòmíì.

Àfìgbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Amẹ́ríkà fi àwo orin kan ránṣẹ́ sí mi. Scene 20 lorúkọ ẹ̀, ẹgbẹ́ The Seldom Scene ló ṣe é. Orin ìgbèríko Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní bluegrass ni: gìtá, báńjò àti mandolin ló pọ̀ níbẹ̀, wọn kì í sábà lùlù sí i. Àmọ́ àwọn wọ̀nyí máa ń mú orin oríṣiríṣi wọ inú tiwọn.

Ọdún 1971 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, nítòsí Washington. Ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé òṣìṣẹ́ ni wọ́n? John Starling, dókítà ni. Ben Eldridge, onímọ̀ ìṣirò ni. Tom Gray ń ya máàpù ní National Geographic. Mike Auldridge, ayàwòrán ni. John Duffey ń tún irinṣẹ́ orin ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń ṣeré. Orúkọ wọn gan-an, àwàdà ni: àwọn tí a kì í sábà rí.

Starling fi wọ́n sílẹ̀ ní 1977, Gray náà lọ ní 1987. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ pé ọdún 20, tí wọ́n ṣeré ìrántí ẹ̀ ní Birchmere, ní Alexandria, lóṣù kọkànlá ọdún 1991, àwọn méjèèjì padà wá bá wọn ṣe é. Eré ọjọ́ náà ló di àwo tó jáde ní 1992.

Haa, ojú tì mí! Èmi tí mo ní iṣẹ́ ò jẹ́! Bẹ́ẹ̀, ọdún márùn-ún lẹ́yìn eré yẹn, Duffey kú. Ká ní Starling ti ní òun ò ráyè lọ́jọ́ náà ńkọ́?

Lọ́jọ́ Sátidé, mo pe onígángan wa. Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé gìtá yẹn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ?"

Mo ní mo ti tà á tipẹ́.

Ó ní, "Máa bọ̀ jàre. Wàá lo ti ọmọ mi."