Ilẹ̀ Tí Gómìnà Kò Rí Gbà Lọ́wọ́ Ṣọ́jà

Adé kan náà ni gómìnà Hong Kong àti ọ̀gágun tó wà níbẹ̀ ń sìn, London kan náà ni àṣẹ ti ń dé bá wọn, síbẹ̀ ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn méjèèjì fi ń du ilẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Gómìnà a kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ amúnisìn, ọ̀gágun a kọ tirẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ ogun, àwọn ilé-iṣẹ́ méjèèjì a sì dojú kọ ara wọn bí ọmọ ìyá méjì tí baba kú fi oko kan sílẹ̀ fún. Owó ni gómìnà ń wò, nítorí ilẹ̀ tó bá fi háyà fún oníṣòwò wà lára ohun tó fi ń ṣe ìlú. Ọ̀gágun ní tirẹ̀ a béèrè pé bí ogun bá dé, ta ni yóò gbà yín?

Ọwọ́ ṣọ́jà ló kọ́kọ́ yá. Kò pẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba erékùṣù náà ní 1841 tí àwọn ológun fi jókòó sí àárín gbùngbùn rẹ̀. Bárékè Murray, bárékè Victoria àti bárékè Wellington wà níbẹ̀, ọgbà tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ogun ṣe sì gba etí omi níwájú wọn. Bí Victoria, ìlú tó wà lórí erékùṣù náà, ṣe pín sí méjì nìyẹn: Central lápá kan, Wan Chai lápá kejì, ilẹ̀ ológun láàárín, ojú ọ̀nà tóóró kan ló sì so wọ́n pọ̀.

Gómìnà John Bowring gbìyànjú láti fọ́ ògiri yìí. Ó fẹ́ kó yẹ̀pẹ̀ dí etí òkun kí ọ̀nà gbọọrọ lè gba ẹ̀gbẹ́ omi kọjá láìdúró níbì kan. Àwọn oníṣòwò ńlá tí ilé ẹrù wọn kọjú sí omi kò gbà fún un. Àwọn ológun náà fárígá, wọ́n ní ọ̀nà kankan kò ní gba iwájú bárékè àwọn. Ní 1859, ìgbìmọ̀ aṣòfin tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ olórí fún dìbò ta ko ètò náà, ó sì fi Hong Kong sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà láìrí i kí wọ́n parí rẹ̀. Nígbà tí oníṣòwò tó ń jẹ́ Paul Chater tún gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dìde lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ilẹ̀ tuntun jáde látinú òkun lóòótọ́, ilé arẹwà sì kún orí rẹ̀, àmọ́ nígbà tó dé ògiri ọgbà ọkọ̀ ogun, ó dúró. Wọn kò ti ọgbà yẹn pa títí di 1959. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko lẹ́yìn ìbò yẹn.

Wọ́n ja irú rẹ̀ lódìkejì omi pẹ̀lú. Ní 1860, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń lọ jà ní àríwá Ṣáínà, Kowloon ni wọ́n pàgọ́ sí. Nígbà tí ọdún yẹn fi máa parí, Kowloon ti di ti Gẹ̀ẹ́sì. Gómìnà Hercules Robinson ní nítorí pé ìlú ti há ni àwọn ṣe gbà á. Àwọn ológun ní rárá, àwọn ló nílò rẹ̀. Ọdún mélòó kan ni wọ́n fi fa ọ̀rọ̀ náà kí wọ́n tó pín in. Àwọn àgbẹ̀ àti apẹja tó wà ní àwọn abúlé Kowloon kò sí nínú àríyànjiyàn yìí rárá. Ajagungbalẹ̀ méjì ló ń bá ara wọn ṣẹjọ́, ọmọ onílẹ̀ wà níta.

Ọ̀kan nínú àwọn gómìnà wọ̀nyí kì í ṣe àjèjì sí wa. John Pope Hennessy, ẹni tó yọ Glover, alákòóso Èkó tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Gọ́lóbà, kúrò nípò ní 1872, ló dé Hong Kong ní 1877. Òun àti ọ̀gágun ibẹ̀ kò gbọ́ ara wọn yé. Títì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí bẹ̀rẹ̀ ní Wan Chai, níbi tí ilẹ̀ ológun parí sí.

Wàyí o, ẹ wo ibẹ̀ nísinsìnyí. Àwọn ṣọ́jà fi bárékè Victoria sílẹ̀ ní 1979. Wọ́n ta apá kan, Pacific Place sì hù síbẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì lórí ilé ìtajà, ọ́fíísì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì. Apá kejì di ọgbà ìgbafẹ́ Hong Kong Park ní 1991. Ilé funfun tí ọ̀gágun ń gbé láti 1846 ti di ibi tí wọ́n ń kó ìkòkò àti ife tíì sí fún àwọn èèyàn láti wò. Nínú ilé ológun mìíràn nínú ọgbà yẹn, Rawlinson House, ọkọ àti ìyàwó ń lọ fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó. Murray House, ilé àwọn ọ̀gá ṣọ́jà, kò rí ojú rere tó bẹ́ẹ̀: ní 1982 wọ́n tú u ní òkúta kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ nọ́ńbà sí wọn lára, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n tó tún un tò sí Stanley, lẹ́yìn òkè. Ilé gogoro Bank of China ló wà níbi tó dúró sí tẹ́lẹ̀. Ní Kowloon, bárékè Whitfield di ọgbà ìgbafẹ́ láti 1970. Mọ́sáláṣí tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ní 1896 fún àwọn ṣọ́jà Mùsùlùmí tó wá láti Íńdíà ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ti 1984 ni èyí tó dúró báyìí.

Àárò tó ń sọ mí bí mo bá wo fọ́tò ìlú yẹn ti àtijọ́ kì í ṣe ti ìbọn tàbí ti fèrè ológun. Àlàfo yẹn ni. Nínú fọ́tò, ọ̀dẹ̀dẹ̀ Murray House ṣí sílẹ̀ gbayawu sí afẹ́fẹ́ òkun, pápá tẹ́jú níwájú rẹ̀, òkè tútù lẹ́yìn. Bí Bowring bá borí ni, ilé ìtajà ni ì bá ti kún gbogbo rẹ̀ kí ọ̀rúndún yẹn tó parí. Agídí àwọn ológun, tí kò ní inú rere kankan nínú, ló fi òjìji igi ọ̀dán sílẹ̀ fún àwọn arúgbó tó ń na ara láàárọ̀ ní Kowloon. Ìjọba tó sì bẹ̀bẹ̀ fún ilẹ̀ yẹn láti ọjọ́ yìí wá, nígbà tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ tán, ó sáré ta apá kan.

Ìjà náà kò tilẹ̀ tán. Ní 1994, bí Gẹ̀ẹ́sì ti ń múra láti dá Hong Kong padà fún Ṣáínà, àwọn méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn lórí àwọn ilẹ̀ ológun, wọ́n sì ní kí wọ́n ya etí omi kan sọ́tọ̀ ní Central tí ọkọ̀ ogun Ṣáínà yóò máa gúnlẹ̀ sí. Mítà 150 péré ni. Àwọn ará ìlú rò pé ibi ìrìn fàájì ni gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́, àfi ìgbà tí ọkọ̀ ogun bá dé. Nígbà tí ìjọba fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ètò ìlú ní 2013 pé ilẹ̀ ológun ni, ariwo ta. Ní ìparí ọdún náà, àwọn èèyàn díẹ̀ já wọ inú ọgbà ológun Ṣáínà, wọ́n ń fi àsíá ayé Gẹ̀ẹ́sì, bíi pé nígbà yẹn ni etí omi jẹ́ ti gbogbo ayé. Ká ní wọ́n bi Bowring ni, ì bá sọ fún wọn. Ìgbìmọ̀ ètò ìlú fọwọ́ sí i lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tó sì di 2020, wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ fún ṣọ́jà.