Ìṣó Tó Yẹ̀ Lórí Tábìlì Mi

Ojú ń tì mí díẹ̀ láti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, àmọ́ ó nídìí tí mo fi ní láti sọ ọ́ níbí. Ẹ ó rí i tí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé àdìrẹ ni mò ń ṣe ní Ìtòkú. Ìyá ìyá mi ló kọ́ ìyá mi, ìyá mi ló kọ́ mi. Láyé tiwọn, oníbàárà á wá sí ìsọ̀, á tú aṣọ, á nà án lójú ara rẹ̀ kó tó sanwó. Ní tèmi, orí fóònù ni nǹkan bí ìdajì ọjà mi ń gbà lọ. Màá ya fọ́tò, màá gbé e sórí WhatsApp, màá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Àdìrẹ oníko, yáàdì márùn-ún, ₦15,000." Ẹni tó bá fẹ́ á fi owó ránṣẹ́, èmi náà á gbé ẹrù lọ sí páàkì ní Kútọ̀.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ ni obìnrin kan ní Ìbàdàn, ọlọ́ṣun ni òun náà, kọ̀wé sí mi pé aṣọ tí òun rà fún ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe kò pé. Ó ní wọ́n wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó gé e, yáàdì mẹ́rin àti ínǹṣì 21 ni. Ìró àti bùbá á jáde níbẹ̀, gèlè ò ní jáde. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ méjìlá péré ló kù kí 20 oṣù kẹjọ pé.

Ẹ gbọ́ èsì tí mo fún un. Mo ní, "Ẹ bi télọ̀ yín." Ta ni ò mọ àwọn télọ̀? Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dá mi lóhùn, ó wá kọ ọ́ pé: "Ẹ̀gbọ́n, èmi fúnra mi ni télọ̀."

Inú bí mi. Mo tẹ fóònù, mo fẹ́ fi ohùn ránṣẹ́ sí i pé màá fi Ògún búra. Bàbá mi, awo ni wọ́n, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbọ́ mi.

"Kí lo fẹ́ búra lé lórí?"

"Pé yáàdì márùn-ún ni, Bàbá."

"Ìwọ lo wọ̀n ọ́n?"

"Orí tábìlì ni, bí mo ṣe máa ń wọ̀n ọ́n."

"Mi ò bi ọ́ ní ti tábìlì. Lọ mú téèpù wá."

Tábìlì yẹn, ti ìyá mi ni. Wọ́n kan ìṣó méjì sí etí rẹ̀, yáàdì kan gééré ló wà láàárín wọn. Tí o bá ti na aṣọ láti ìṣó kan dé èkejì lẹ́ẹ̀marùn-ún, o ti rí yáàdì márùn-ún, kò sídìí fún téèpù. Àmọ́ omi aró ti mú pákó etí tábìlì náà jẹrà, ní oṣù kẹrin ọdún yìí mo pe káfíńtà pé kó pààrọ̀ rẹ̀. Ó pààrọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ó sì kan ìṣó méjèèjì padà síbi tó rò pé wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Téèpù ní ínǹṣì 33 ló wà láàárín wọn, dípò 36. Ínǹṣì mẹ́ta lọ́nà márùn-ún, ínǹṣì 15 nìyẹn. Obìnrin náà ò parọ́ ínǹṣì kan mọ́ mi.

Ibi tó ti dùn mí jù ṣì ń bọ̀. Yáàdì 30 ni bọ́ńdù aṣọ funfun tí mò ń rà, aṣọ mẹ́fà ni mo sì máa ń gé nínú rẹ̀, kì í ṣẹ́ kù. Láti oṣù kẹrin, bí mo bá ti gé mẹ́fà tán, yáàdì méjì àbọ̀ á ṣẹ́ kù sílẹ̀. Mo rí i o! Mo rò pé ẹni tí mò ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń fún mi ní èènì. Mo tiẹ̀ ta ọtí sílẹ̀ nídìí ìkòkò aró, mo ní, "Ìyá Màpó, ẹ ṣeun tí ẹ bù sí i fún mi." Mo fi àṣẹ́kù ṣe ìborùn, mo tà á. Ohun tó jẹ́ ti oníbàárà mi ni mò ń dúpẹ́ lé lórí.

Ẹ̀sùn lórí aṣọ Abẹ́òkúta kì í ṣe tuntun. Nígbà tí àdìrẹ wa ń dé Gold Coast tí à ń pè ní Gánà lónìí, tó ń dé Sẹ̀nẹ̀gà, àwọn oníṣòwò ráhùn pé aṣọ ń ṣí, pé ó ń ya. Wọ́n ní kọ́sítíìkì sódà àti aró òyìnbó tí àwọn aláró ń lò dípò eérú àti ẹ̀lú ló fà á. Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin dè é, àwọn aláró fárígá, ọ̀rọ̀ náà le dé ibi tí wọ́n fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1936. Tiwọn ṣòroó dá, torí aṣọ ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kọjá kó tó dé ara ẹni tó wọ̀ ọ́. Èmi ò ní irú àwáwí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi ló ti kúrò, ọwọ́ obìnrin yìí ló bọ́ sí.

Mo pè é, mi ò kọ̀wé. Lóòótọ́ ni mo kúnlẹ̀ tí mo fi ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, bàbá mi ń wò mí. Mo kọ́kọ́ tọrọ àforíjì nítorí ọ̀rọ̀ télọ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà mo ní mo lè dá ₦1,250 padà, torí ínǹṣì 15 jẹ́ ìdá kan nínú 12 aṣọ náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ₦1,250 ni màá wé sórí?" Òótọ́ ni. Bí mo bá sì fi èyí tó kù ránṣẹ́ sí i, aró ìkòkò tuntun kò ní bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba. Nítorí náà mo di odindi mìíràn, mo rẹ ẹ́ sáró. Òjò ò jẹ́ kó tètè gbẹ. Mo nà án lẹ́gbẹ̀ẹ́ téèpù, mo ya fọ́nrán rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo fi ránṣẹ́ sí i kí n tó gbé e lọ sí Kútọ̀. Ọjọ́ kẹtàdínlógún ló dé ọwọ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé: "Ó dé. Ó pé." (Òfin ìjọba àpapọ̀ tó dáàbò bo oníbàárà, ti 2018, tiẹ̀ sọ pé ọjà tí a bá fi àpèjúwe tà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe náà mu. Lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ parí ni mo gbọ́ nípa rẹ̀.)

Mo rò pé ó tán. Bàbá mi ní, "Mélòó lo ti gé lórí tábìlì yẹn?" Bọ́ńdù mẹ́rin, aṣọ 24. Márùn-ún ṣì wà nílẹ̀. Mo ti ta 11 lórí fóònù, pẹ̀lú ti obìnrin yìí. Bí ẹnì kan bá pariwo, àwọn mẹ́wàá tó kù ńkọ́? Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta kí n tó lè pè wọ́n. Ọ̀pọ̀ wọn ò tiẹ̀ mọ̀. Àwọn méjì ní kí n má wulẹ̀ dá nǹkan kan padà. Nọ́ńbà ẹnì kan ò lọ mọ́. Ẹnì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde wá ní òun ti mọ̀ láti oṣù karùn-ún, òun kàn pinnu pé òun ò ní rà lọ́wọ́ mi mọ́ ni. Kò bá mi jà. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè àwọn ọmọ. Mi ò rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ó ku mẹ́jọ tí mo tà ní ìsọ̀, tí mi ò ní nọ́ńbà ẹni tó rà wọ́n. Mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí máa ń yà sọ́dọ̀ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ra oníko lọ́wọ́ mi láti oṣù kẹrin títí di ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá ti rán an, ẹ má wulẹ̀ wá ẹ̀rí kankan, ẹ ṣáà máa bọ̀. ₦10,000 wà nínú igbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró, ₦1,250 lọ́nà mẹ́jọ. Mi ò tíì fọwọ́ kàn án.