Òrí Ṣakí àti Awọ Ara Mi

Oṣù Keje ni mo gúnlẹ̀ sí Ṣakí, lẹ́yìn tí ọkọ̀ gbé wa láti Ìbàdàn gba Ọ̀yọ́ àti Ìṣẹ́yìn kọjá. Bí a ti ń sún mọ́ ìlú náà ni igi ọ̀pẹ ń dínkù, tí ọ̀dàn ń fẹjú, tí igi òrí sì ń yọjú lọ́tùn-ún lósì. Òkè Aṣabari ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òkè ni mo wá wò. Awọ ara mi ni mo gbé wá.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí n kò ti wọ aṣọ alápá kúkurú jáde. Bí ọṣẹ olóòórùn dídùn bá ti kan apá mi, yóò sú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, n ó sì máa họ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi yọ. Dókítà ní lọ́fínńdà inú rẹ̀ ni ara mi ń kọ̀.

Ní agboolé tí ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ, ìyá mẹ́rin ń po òrí. Wọ́n ti bọ kóró èso náà, wọ́n ti sá a, wọ́n ti pa á, wọ́n ti yan án, wọ́n sì ti lọ̀ ọ́ kúnná. Ó wá ku iṣẹ́ ọwọ́: wọ́n ń bu omi sí i díẹ̀díẹ̀ nínú ọpọ́n, wọ́n ń fi apá lù ú, títí ohun tó pọ́n bí ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, tí ọ̀rá sì léfòó. Wọ́n á fọ ọ̀rá náà, wọ́n á sè é kí omi inú rẹ̀ gbẹ, wọ́n á sì sẹ́ ẹ. Mo bá wọn pò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí apá mi tó kọ̀. Ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín.

Ọṣẹ dúdú wà nínú igbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àdí ni wọ́n fi sè é, pẹ̀lú omi tí wọ́n fi ajere sẹ́ láti inú eérú èèpo kòkó tí wọ́n rà wá láti apá gúúsù. Mo nawọ́ sí i, ìyá tó dàgbà jù sì gbá mi lọ́wọ́.

“Ọmọ mi, àná la sọ èyí kalẹ̀. Agbára eérú ṣì wà nínú rẹ̀. Yóò bó ọ lára.”

Ojú tì mí díẹ̀. Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé ohun tó bá ti inú ilẹ̀ jáde kò lè pani lára. Bẹ́ẹ̀ ni mo ti fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa ọrùn rí, tí mo bọ́ sínú oòrùn, tí ó sì jó mi. Àpá dúdú rẹ̀ pẹ́ kó tó lọ.

Ìyá náà fi òrí díẹ̀ sí ibi tí apá mi ti ń ká.

“Àárọ̀ àti alẹ́, fún ọjọ́ méje. Bí kò bá yún ọ, wá rà á. Bí ó bá yún ọ, má torí pé mo jẹ́ ìyá rẹ fi tipá lò ó.”

Ibi tó ti bó, wọ́n ní ilé ìwòsàn ni kí n gbé e lọ, kí n má fi ohunkóhun sí i.

Ní ọjọ́ keje, mo pè wọ́n láti Ìbàdàn pé kò yún mi. Wọ́n fi igbá òrí kan ránṣẹ́ sí mi. Ní ti ọṣẹ, wọ́n ní ó di oṣù tó ń bọ̀.