Àwo Orin Tí Ọmọ Náà Fi Sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọdún ni a ti fi ń kó àwo orin jọ, ẹ̀yin olùkàwé wa, èyí tí ó sì pọ̀ jù lọ nínú wọn ni irú orin tí àwọn òyìnbó ń pè ní kọnsẹ́ẹ̀tò. Ẹni tí ó bá ti bá wọn kọrin rí yóò tètè mọ bí ó ti rí: ohun èlò kan ni ó ń lé orin, gbogbo àwọn ohun èlò yòókù a sì máa gbè é. Èyí tí a fẹ́ràn jù ni ti Mozart fún kláríńẹ́ẹ̀tì, fèrè dúdú gígùn nì tí ohùn rẹ̀ fi ara jọ ti ènìyàn. Ní ọdún 1791 ni ó kọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, Anton Stadler. Kí ọdún náà tó parí, ikú ti mú un lọ. Nínú orin yìí, kò sí ẹni tí ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹnìkejì rẹ̀. A gbọ́ ọ títí a fi rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí gbogbo orin rí.

Inú èrò yìí ni a wà nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí a ń kọ́ ní orin mú àwo méjì wá fún wa. Iṣẹ́ àwọn ará Dẹ́nmáàkì ni wọ́n, ọ̀kan ti Carl Nielsen, èkejì ti Per Nørgård. A gbé ti Nørgård sí orí ẹ̀rọ. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tí a fi pa á, tí a sì wí lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Ariwo ni èyí, kì í ṣe orin." Ọmọ náà kò fèsì. Ó jáde, kò sì padà wá gba àwo rẹ̀.

A kò fọwọ́ kàn wọ́n títí di àkókò òjò kan tí àìsàn dá wa dúró sí ilé. Ti Nielsen ni a kọ́kọ́ gbọ́. Erékùṣù Fyn ni a gbé bí ọkùnrin yìí ní ọdún 1865. Baba rẹ̀ a máa kun ilé, a sì tún máa ta fayolíìnì níbi àríyá abúlé. Ní ọdún 1922, ó kọ orin fún àwọn afunfèrè márùn-ún kan ní Copenhagen, ó sì pinnu pé òun yóò kọ kọnsẹ́ẹ̀tò fún olúkúlùkù wọn. Méjì péré ni ó kọ kí ó tó kú ní ọdún 1931. Èyí tí ó kọ fún kláríńẹ́ẹ̀tì ní ọdún 1928 ni ó bá wa jà. Aage Oxenvad, ẹni tí a mọ̀ sí onínúfùfù, ni ó kọ ọ́ fún. Mozart kò fi ìlù kankan sí tirẹ̀. Nielsen fi ẹyọ kan sí i, ìlù kékeré irú èyí tí àwọn ológun fi ń yan. Àwa tẹ́tí, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá yóò ti ṣe, kí a lè gbọ́ ohun tí ìlù náà ń wí. Kò wí nǹkan kan, nítorí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè sódò bí ti dùndún. Ńṣe ni ó ń ta ko kláríńẹ́ẹ̀tì bí alátakò nínú ìgbìmọ̀. Kláríńẹ́ẹ̀tì a figbe ta, a bú u, a sì tún rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà kẹrin tí a gbọ́ ọ ni ó tó yé wa pé bí kò bá sí ìlù yìí, kláríńẹ́ẹ̀tì kì bá tí rí ọ̀rọ̀ kan sọ.

Bí ó bá ṣe inú gbọ̀ngàn ni, orin náà ì bá ti kọjá lọ. Àwo kì í bínú.

Pẹ̀lú ìtìjú ni a fi gbé ti Nørgård padà sí orí ẹ̀rọ: Voyage into the Golden Screen, ti ọdún 1968. Ọkùnrin yìí, tí ó kú ní ọdún 2025, rí ọ̀nà kan tí a fi lè to ohùn orin tẹ̀ lé ara wọn láìlópin. Bí a bá mú ẹyọ kan nínú mẹ́rin-mẹ́rin, tí a sì fo àwọn yòókù, orin kan náà ni a óò tún bá níbẹ̀, àfi pé ó ń rìn jẹ́jẹ́. Orí ètò yìí ni ó gbé apá kejì iṣẹ́ náà kà. A to ó sí orí ìwé, a kà á. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. A kò tilẹ̀ dé apá kejì lọ́jọ́sí.

A ti kọ̀wé sí ọmọ náà, tí ó ti di baba ọlọ́mọ nísinsìnyí, pé kí ó wá gba àwo rẹ̀. A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sí orí ẹ̀rọ, kí ó sì jókòó tì wá títí yóò fi parí.