Tọkọtaya Amí

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́, ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìlú Accra láti ọdún 1994. N kì í ṣe ẹni tí ń fi eré orí tẹlifíṣọ̀n jẹun. Bí ẹ bá wá rí mi tí mo mú kálàmù láti kọ̀wé nípa eré, ẹ má ṣe rò pé àyè ló gbà mí. Ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi ní ọdún 2015 tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, eré yìí ni ó sì yọ ọ́ jáde níbi tí mo bò ó mọ́lẹ̀ sí. Bí n kò bá sọ ti ọ̀kan, n kò lè sọ ti èkejì.

Orúkọ eré náà ni The Americans. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n FX ní Amẹ́ríkà ni ó ṣe é láti ọdún 2013 títí di ọdún 2018, ó sì jẹ́ apá 75. Ẹni tí ó dá a sílẹ̀, Joe Weisberg, ti ṣiṣẹ́ rí fún CIA, ilé-iṣẹ́ amí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nítorí náà ohun tí ojú rẹ̀ tó ni ó ń sọ. Ìtàn ọkọ àti aya kan ni, Philip àti Elizabeth Jennings, tí wọ́n ń gbé ní Falls Church lẹ́bàá Washington ní ayé ìjọba Ronald Reagan. Wọ́n ní ọmọ méjì, wọ́n ní iṣẹ́ títa ìwé ọkọ̀ fún arìnrìn-àjò, wọ́n ní ọgbà tí koríko rẹ̀ gún régé. Àṣé ará Rọ́ṣíà ni àwọn méjèèjì! Àwọn ọ̀gá amí ilẹ̀ wọn ni ó fi wọ́n fún ara wọn, tí ó sọ wọ́n lórúkọ àjèjì, tí ó sì ka èdè abínibí wọn léèwọ̀ fún wọn, àní nínú yàrá tí wọ́n ń sùn. Àwọn ọmọ kò mọ nǹkan kan. Bí ẹni pé èyí kò tó, ọkùnrin tí ó kó wá sí ilé tí ó kọjú sí tiwọn ni Stan Beeman, òṣìṣẹ́ FBI, ẹni tí ìjọba ń sanwó fún láti máa mú irú wọn.

Ẹ má ṣe pè é ní àlọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2010, ìjọba Amẹ́ríkà mú ènìyàn 10 tí wọ́n ti ń gbé irú ayé bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, wọ́n sì fi wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ ní Vienna ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e fún ènìyàn 4 tí Rọ́ṣíà tì mọ́lé. Tọkọtaya kan wà nínú wọn tí àwọn aládùúgbò mọ̀ sí Donald Heathfield àti Tracey Foley. Ọmọkùnrin méjì ni wọ́n bí. Àbúrò nínú wọn bá ìjọba Kánádà ṣẹjọ́ dé ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ kí ó tó gba ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú rẹ̀ padà ní oṣù kejìlá ọdún 2019. Ẹ kíyè sí i, ọmọ ni ó ru ẹjọ́ yẹn lọ sí kóòtù.

Ọ̀dọ́ ẹlẹ́ṣọ̀ọ́bù kan ní Accra New Town, àdúgbò tí àwọn baba wa ń pè ní Lagos Town ní ayé àtijọ́, ni ìyàwó mi ti ra àwo eré náà. Ìgbà náà ni iná mànàmáná Gánà dójú ikú, tí àwọn ará ìlú sọ ọ́ lórúkọ pé dumsor, ìyẹn ni pé ‘pa á, tàn án’. A lè wo ìdajì apá kan lónìí kí a sì dúró di ọ̀tunla kí a tó mọ bóyá ẹni tí wọ́n na ìbọn sí kú tàbí kò kú. Ó ní bí èyí ṣe ń mú ọ̀rọ̀ pọ̀ láàrin wa, nítorí bí iná bá lọ, inú òkùnkùn náà ni a ó jókòó sí tí a ó máa jiyàn.

Ìbọn kọ́ ni ó dè wá mọ́ àga. Ohun tí ń jẹ wá lọ́kàn ni pé bí a bá fi irọ́ so tọkọtaya pọ̀, tí wọ́n jọ sùn, tí wọ́n jọ jí, tí wọ́n bímọ, tí wọ́n sin ìbẹ̀rù pọ̀ fún ogún ọdún, ǹjẹ́ irọ́ náà ṣì jẹ́ irọ́? Èmi ní kò jẹ́ irọ́ mọ́. Ìyàwó mi ní ó di ọwọ́ ẹni tí a bá bi í. Ẹni tí ó ń tọ́ka sí ni Martha, akọ̀wé kan ní ọ́fíìsì FBI tí Philip fi irun àdálẹ̀mọ́ àti awò ojú tàn jẹ, tí ó pe ara rẹ̀ ní Clark fún, tí ó sì gbé níyàwó nítorí àṣírí tí ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Elizabeth fúnra rẹ̀ wà níbi ìgbéyàwó náà. Ó ní àbúrò ọkọ ni òun. Ìyàwó mi kì í pe Philip lórúkọ láti ọjọ́ náà. “Olè yẹn” ni ó ń pè é. (Ọ̀rọ̀ inú eré kò sì dúró sínú eré: Keri Russell àti Matthew Rhys, àwọn tí ó ṣe Elizabeth àti Philip, di olólùfẹ́ ara wọn, wọ́n sì bí ọmọkùnrin kan ní ọdún 2016.)

Mo sọ fún un pé irú Martha ti wà ní Accra yìí rí. Sharon Scranage ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin ará Virginia ni, òṣìṣẹ́ kékeré fún CIA ní ilé aṣojú Amẹ́ríkà níhìn-ín, ní ìgbà tí ìjọba Jerry Rawlings kò gbẹ́kẹ̀ lé Amẹ́ríkà rárá. Ó pàdé Michael Soussoudis, ọmọ Gánà tí ó ń ṣe òwò, tí ó sì jẹ́ ìbátan Rawlings. Ìfẹ́ wọlé. Kò pẹ́ tí ìfẹ́ fi ń béèrè orúkọ: ta ni nínú àwọn ọmọ Gánà ni ó ń bá CIA ṣiṣẹ́? Obìnrin náà sì ń dáhùn. Nígbà tí ó padà sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1985, ẹ̀rọ tí ń yẹ irọ́ wò tú u fó. Wọ́n lò ó láti fi fa ọkùnrin náà wá sí ilé ìtura kan ní Virginia ní oṣù keje, wọ́n sì mú un. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n dá Scranage lẹ́wọ̀n ọdún 5, tí a dín kù sí 2 lẹ́yìn náà. Ọdún 20 ni wọ́n dá fún Soussoudis, ṣùgbọ́n kò ṣe é: wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún ọmọ Gánà 8 tí wọ́n wà lẹ́wọ̀n nítorí pé wọ́n ṣe amí fún Amẹ́ríkà. Ọkùnrin náà padà sílé. Àwọn 8 náà kúrò ní ilé tiwọn. Obìnrin náà wọ ẹ̀wọ̀n.

Ìyàwó mi dákẹ́ títí, ó ní, “Níbo ni ẹ ti ka gbogbo èyí?”

Mo ní ilé ìkàwé George Padmore ni, èyí tí ìjọba Nkrumah ṣí ní ọdún 1961. Òtítọ́ ni mo sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olùkọ́ yóò ti máa bi ara yín léèrè pé kí ni olùkọ́ ń wá ní ilé ìkàwé ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní àárín táàmù.

N kò níṣẹ́ mọ́ ni. Ilé-ìwé aládàáni tí mo ti ń kọ́ni fún ọdún mọ́kànlá dín olùkọ́ kù láìròtẹ́lẹ̀, wọ́n sì fún mi ní lẹ́tà kan tí kò kún ojú ìwé. Ọjọ́ tí mo gbà á, mo délé, mo bá ìyàwó mi tí ó ń ka owó orí ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ ní Makola tí ó ń kọrin. Mo ní kí ó di ọ̀la. Ọ̀la dé, mo wẹ̀, mo de táì, mo kó ìwé àwọn ọmọ tí kì í ṣe ọmọ mi mọ́ sínú àpò, mo wọ tro-tro lọ. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mọ ìgbà tí ó yẹ kí n délé. Mo mọ bí a ti ń fi ẹfun ra ọwọ́ ẹ̀wù. Mo tilẹ̀ ń sọ ìtàn ọmọ tí ó gba òdo nínú ìdánwò, tí n kò rí ọmọ náà sójú rí. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Èmi sùn, mo sì ń hanrun.

Alẹ́ ìgbéyàwó Martha ni. Bí àlùfáà ti ń so wọ́n pọ̀, iná lọ. Òkùnkùn ṣú bò wá, ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò kò tíì dún. Ohùn rẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́ mi, jẹ́ẹ́jẹ́.

“Bàbá Káyọ̀dé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àga ilé ìkàwé yẹn kò ń dùn yín lẹ́yìn?”

N kò lè fèsì.

Ó ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejì. Ìyá ọmọ iléèwé kan ni ó wá ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó bá a kẹ́dùn, tí ó rò pé ó ti gbọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, ó sì wọn aṣọ fún un. Láti ọjọ́ náà ni kò ti béèrè owó oúnjẹ mọ́, tí mo rò pé ó gbàgbé. Láti ọjọ́ náà ni ẹran ọbẹ̀ mi ti ń pọ̀ sí i. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ ti jí ní agogo márùn-ún láti de táì yẹn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ tú u lọ́rùn yín?” Ó tún ní, “Ẹ̀rù ló bà mí. N kò mọ ibi tí ẹ ń lọ. Mo rò pé etí òkun ni.”

Ó kú ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, èyí ni ó sì dùn mí jù. Nítorí ẹ̀rù etí òkun náà, ó rán Káyọ̀dé tẹ̀ lé mi ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà náà. Ó wọ tro-tro tí ó tẹ̀ lé tèmi, ó rí mi wọ ilé ìkàwé, ó lọ ròyìn fún ìyá rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó tó lọ sí ilé-ìwé tirẹ̀, tí wọ́n sì nà án nítorí ó pẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò dọ̀bálẹ̀ fún mi, yóò ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Báwo ni àwọn ọmọ?” Èmi yóò ní dáadáa ni wọ́n wà. Àwa méjèèjì yóò máa wo ojú ara wa.

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, tí wọ́n bá ń sọ ìtàn Mọrèmi fún wa, àtẹ́wọ́ ni a máa ń pa. Ó jẹ́ kí àwọn tí ń kó Ifẹ̀ lẹ́rú mú òun, ó di aya ọba wọn, ó mọ̀ pé ènìyàn ni ó wà nínú ìmọ̀ràwò koríko tí ń lé àwọn ará Ifẹ̀ sá, ó sì sá padà wá sọ pé kí wọ́n fi iná sí i. Ní ọdún 2016 wọ́n gbé ère rẹ̀ dúró ní Ilé-Ifẹ̀, tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 42. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ orí tí mo dé yìí, ọba tí ó fi sílẹ̀ lórí ibùsùn ni mo ń rò, ẹni tí ìtàn kò bìkítà láti fún ní gbólóhùn kan. Mo sì ń rò nípa Olúorogbo, ọmọ Mọrèmi, tí ó di ẹbọ fún odò Ẹ̀sìnmìrìn láti san ẹ̀jẹ́ ìyá rẹ̀.

Mo rí iṣẹ́ mìíràn ní oṣù kẹta lẹ́yìn náà. A wo eré náà dé òpin nígbà tí àwo rẹ̀ pé. Ní ìpín tí ó gbẹ̀yìn, Philip ti fi iṣẹ́ amí sílẹ̀, òwò rẹ̀ sì ń dẹnu kọlẹ̀, kò rí owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ san. Ìyàwó mi, tí kò pè é lórúkọ fún ọdún mẹ́rin, ní, “Philip, sọ fún un. Sọ fún ìyàwó rẹ.” Mo dìde lọ bu omi mu.

Káyọ̀dé ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì, Kumasi ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Alaalẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ó máa ń pè mí. Mo máa ń bi í nípa ilera rẹ̀, nípa owó, nípa ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó ní òun ń fẹ́. Ohùn rẹ̀ a máa mọ́ kedere, kì í kọsẹ̀. Ó máa ń sọ fún mi pé dáadáa ni, Bàbá, dáadáa ni gbogbo rẹ̀ wà. Èmi yóò sì fi fóònù sí etí fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti pa tirẹ̀.