Omi Ni Àbúrò Mi Fi Ń Gé Irin

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ọmọ kan bá sọ fún bàbá rẹ̀ pé omi lòun fi ń gé irin, tó sì jẹ́ pé iná ni bàbá náà ti fi ń gé irin láti nǹkan bí ogójì ọdún, kí lẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀? Ìjà ni. Ìjà náà wọ ilé wa, ó sì lo ọdún mẹ́ta gbáko níbẹ̀.

Wẹ́dà ni bàbá mi. Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, lẹ́bàá títì, lábẹ́ páànù tó ti dípẹtà. Géètì, fèrèsé onírin, àgbá omi, ìdí mọ́tò tó ti jẹ tán, kò sí èyí tí wọn kì í ṣe. Ibẹ̀ lèmi àti àbúrò mi dàgbà sí. Èmi ò lọ́wọ́ iṣẹ́ náà rárá. Ọjọ́ tí wọ́n ní kí n gé irin pẹlẹbẹ kan fún ìlẹ̀kùn àpótí, mo gbé iná gáàsì lé e, ni irin bá ká kò bí ewé tó rí oòrùn. Bàbá wo irin, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ, lọ máa kàwé." Bí mo ṣe di oníwèé ìròyìn nìyẹn o. Àbúrò mi ló mọ̀ ọ́n ṣe. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ tó ti ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sórí irin, tí Bàbá ò sì ní tún un wọ̀n kí wọ́n tó gé e.

Ọdún 2008 ló rí ọ̀nà lọ sí Ìlú Ọba. Bàbá ò bínú sí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó bí wọn nínú, orí fóònù ló ti wáyé ní ọdún 2016. Wọ́n bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe gan-an lọ́hùn-ún. Ó ní ilé iṣẹ́ kan ní Birmingham lòun wà, níbi tí wọ́n ti ń fi irin pẹlẹbẹ ṣe ẹ̀yà ara ẹ̀rọ, àti pé irin gígé ni iṣẹ́ òun.

Inú Bàbá dùn. Wọ́n ní, "Gáàsì lẹ fi ń gé e ni, àbí iná mànàmáná?"

Ó ní, "Rárá, Bàbá. Omi ni."

Bàbá gbé fóònù sílẹ̀. Wọ́n ní ọmọ àwọn ti sọ àwọn dòmùgọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá níṣẹ́ gidi lọ́wọ́ kì í purọ́ báyẹn, pé ó ní láti jẹ́ iṣẹ́ ìtìjú kan ló ń ṣe tí kò fẹ́ kí àwọn mọ̀. Láti ọjọ́ náà, owó tó bá fi ránṣẹ́, wọn ò ná kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ìyá wa ló ń gbà á pa mọ́. Bí fóònù rẹ̀ bá dún, Bàbá á ní ká sọ pé àwọn ti sùn, ì báà jẹ́ ọ̀sán gangan.

Ní ọdún 2019, àbúrò mi fẹ́ gbéyàwó, ó sì san owó ọkọ̀ òfuurufú mi. Bó ṣe ku ọ̀la tí mo máa lọ, Bàbá pè mí sí yàrá wọn. Wọ́n ní, "Ṣebí iṣẹ́ rẹ ni kí o fojú rí nǹkan kí o tó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn. Lọ wò ó fún mi. Ohun tí o bá rí gan-an ni kí o wá sọ. O ò gbọdọ̀ gbè sẹ́yìn rẹ̀."

Ká má parọ́, ẹ̀rù bà mí. Bó bá lọ jẹ́ pé irọ́ ni ńkọ́? Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́ nílé?

Sátidé la ṣe ìgbéyàwó. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àbúrò mi tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó sì mú mi wọlé. Wọ́n fún mi ní awò ojú, ohun tí wọ́n fi ń dí etí, àti bàtà onírin lẹ́nu. Ohun tí mo rí dà bíi tábìlì ńlá tí wọ́n sọ di ọpọ́n. Omi kún inú rẹ̀, ọ̀pá irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tò lé ojú omi, irin tí wọ́n fẹ́ gé sì sùn lé orí wọn. Lókè irin yìí ni orí ẹ̀rọ kan wà, ẹnu rẹ̀ rí ṣóńṣó, kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀.

Àbúrò mi tẹ bọ́tìnì. Ariwo ta! Mo ń wá iná, n ò rí iná. Mo ń wá èéfín, kò sí. Omi tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ náà kò nípọn ju fọ́nrán òwú lọ. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi yí po, tí ohun róbótó kan já bọ́ lára irin tó nípọn tó mìlímítà mẹ́fà. Mo lanu sílẹ̀. Àbúrò mi ń wò mí, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bọ̀dá, ṣé ẹ ti rí i báyìí?"

Báwo ni omi ṣe ń ṣe èyí? Ẹ̀yin náà ẹ ti rí bí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òjò ṣe máa ń gbẹ́ kòtò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, omi tó ń kán lásán sì nìyẹn. Ẹ wá wo omi tí wọ́n fún lọ́rùn. Ẹ mọ òǹkà tí fọkanáísà máa ń wò tó bá ń fa atẹ́gùn sí táyà. Táyà mọ́tò kékeré, nǹkan bí 30 ni. Òǹkà kan náà yìí, tí wọ́n bá fi wọn omi inú ẹ̀rọ yẹn, 60,000 ni, ìyẹn ìlọ́po 2,000! Àwọn ẹ̀rọ mìíràn wà tó ń dé 90,000. Ọ́ìlì ló ń ti písítìnì ńlá kan, písítìnì ńlá ń ti ọ̀pá kékeré, ọ̀pá kékeré ló ń ti omi. Bí ojú ti ńlá bá fẹ̀ ju ojú ti kékeré lọ nígbà 20, agbára omi náà á ju agbára ọ́ìlì lọ nígbà 20. Omi tí wọ́n há mọ́ báyìí, ihò kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un, ihò tí kò tó ìdajì mìlímítà, tí wọ́n lu sára òkúta líle bíi dáyámọ́ǹdì. Bó bá jẹ́ irin lásán ni, omi náà á jẹ ẹ́. Bó ṣe ń yọ jáde, eré rẹ̀ ju eré ìró lọ nígbà méjì àti jù bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fún Bàbá ní ẹ̀tọ́ wọn. Omi nìkan kì í gé irú irin yẹn. Omi nìkan lè gé fóòmù, rọ́bà àti páálí. Tó bá di ti irin, wọ́n ń da iyanrìn pupa kan tí wọ́n ń pè ní garnet mọ́ ọn, nǹkan bí ìdajì kílò láàárín ìṣẹ́jú kan. Iyanrìn ló ń họ irin, omi ló ń gbé e sáré. Láàárín ọdún 1950 sí 1960 ni ará Amẹ́ríkà kan, Norman Franz, onímọ̀ nípa igi gẹdú, ti ń wá bí omi ṣe lè la pákó. Mohamed Hashish, ọmọ ilẹ̀ Íjíbítì tó lọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí dída iyanrìn mọ́ omi ní 1979, tí omi fi wá ń gé irin. Ẹ ò rí i pé ọmọ Áfíríkà wà níbẹ̀.

Èrè ibẹ̀ ni pé irin kì í gbóná. Iná máa ń ká irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò, ó sì máa ń sọ etí ibi tó gé di líle. Iná gáàsì ò tilẹ̀ lè gé irin stainless tàbí álúmíníọ̀mù dáadáa. Omi ò mọ èyí yàtọ̀ sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò yá, iyanrìn rẹ̀ sì ń jẹ owó. Fún irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, iná laser ń yára jù ú lọ dáadáa. Kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kàn án o! Ojú ọgbẹ́ rẹ̀ lè kéré bí ibi tí ẹ̀gún gún, kó jẹ́ pé inú ti bàjẹ́ kọjá sísọ.

Ohun tó wọ̀ mí lára jù, ojú kọ̀ǹpútà ni mo ti rí i. Kí àbúrò mi tó gé nǹkan kan, ó máa ń to àwòrán gbogbo ohun tó fẹ́ gé sórí irin, ó ń yí eléyìí síbí, ó ń ti tọ̀hún sí àárín èyí tó tóbi, kí irin má baà ṣòfò. Mo ní, "Níbo lo ti kọ́ èyí?" Ó ní, "Ha, Bọ̀dá! Ṣé ẹ ti gbàgbé ṣọ́ọ̀kì Bàbá ni? Wọn kì í ní irin tí èèyàn bá fi ṣòfò, oúnjẹ ló dà nù?" Ó tún ní tóun bá dé kọ̀rọ̀, òun máa ń dín eré ẹ̀rọ kù, nítorí ìsàlẹ̀ omi máa ń fà sẹ́yìn tó bá sáré, etí irin á sì rí ságaságà. Ohun tí Bàbá máa ń pariwo mọ́ wa létí nípa iná gáàsì náà nìyẹn. "Rọra ní kọ̀rọ̀!" Ẹnu kan náà ni.

Mo padà dé Ìbàdàn. Mo fi fídíò inú fóònù han Bàbá, wọ́n ní fíìmù ni, pé kò sí ohun tí òyìnbó ò lè ṣe nínú fíìmù. Ni mo bá tú ẹrù mi, mo yọ irin róbótó tí àbúrò mi fi rán mi sí wọn, stainless, mìlímítà méjì, ihò mẹ́jọ yí i po. Ojú Bàbá ò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n fi àtàǹpàkò wá ìdàrọ́ létí irin náà yíká, wọ́n wá a nínú ihò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kò sí. Wọ́n ní kí n gbé dígí wá. Wọ́n tẹ́ irin náà lé dígí, wọ́n fìka tẹ ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n tẹ èkejì. Kò mì.

Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní, "Iná ò kan eléyìí."

Mo ní, "Bàbá, àgbá káábáàdì yín, kí lẹ máa ń bù sí i kí gáàsì tó jáde?"

Wọ́n ní, "Omi ni." Wọ́n wò mí. "Omi náà kúkú ni." Wọ́n tún yí irin náà lọ́wọ́. "Iyanrìn yẹn, ṣé wọ́n ń jọ̀ ọ́ kí wọ́n tó lò ó? Tó bá ní òkúta nínú, á dí ẹnu ẹ̀rọ yẹn o." Mo ní èmi ò mọ̀. Wọ́n ní, "Kí ni ìwọ mọ̀? Pè é fún mi."

Mo pè é. Nígbà tí àbúrò mi gbọ́ ohùn Bàbá, kò lè sọ̀rọ̀. Bàbá ò kí i, wọn ò sì bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ iyanrìn ni wọ́n gbé kalẹ̀, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lo wákàtí kan lórí rẹ̀. Lọ́la rẹ̀, wọ́n ní kí Ìyá wa kó owó tó ń tọ́jú jáde. Òun ni wọ́n fi pààrọ̀ páànù ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà lókèèrè, bó bá sọ ohun tí kò yé yín, ẹ má tètè pè é ní òpùrọ́. Ẹ rán ẹni tó lè lọ fojú rí i. Bàbá mi ò gé irin mọ́ báyìí, àwọn ọmọọṣẹ́ ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ìṣó kan irin róbótó náà mọ́ ara ògiri. Bí oníbàárà bá béèrè ta ló gé e, wọ́n á ní, "Ọmọ mi ni. Omi ló fi gé e."

Àwọn oníbàárà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ fẹ́ràn àwàdà jù!" Ó sì máa ń bí Bàbá nínú.