Òjé Ẹni Mímọ́

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1170, jagunjagun mẹ́rin tó jẹ́ ti Ọba Henry Kejì já wọ kàtídírà Canterbury nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi idà pa Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Thomas Becket síbẹ̀. Kò pé ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà tí Póòpù fi kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́. Èrò wá ń wọ́ lọ sí Canterbury: aláìsàn, ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́, ẹni tí ẹsẹ̀ kàn ń yún.

Ẹni tó dé ibẹ̀ kì í fẹ́ padà sílé lọ́wọ́ òfo. Báàjì ni wọ́n ń rà. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ á yọ́ òjé pọ̀ mọ́ tánganran, wọ́n á dà á sínú òkúta tí wọ́n ti gbẹ́ àwòrán sí, orí bíṣọ́ọ̀bù tòun ti fìlà rẹ̀ á sì yọ. Kò wọ́n, agbára mẹ̀kúnnù ká a. Ẹni tó rà á á fi kan ibojì ẹni mímọ́ náà kí agbára ibẹ̀ lè ràn án, á wá rán an mọ́ fìlà tàbí aṣọ ìlékè.

Fífi kan ibojì yìí ni mo máa ń rò jù. Ojú lásán ò lè mọ èyí tó ti kan ibojì yàtọ̀ sí èyí tó ṣì wà lórí àtẹ. Ẹni tó rà á nìkan ló mọ̀. Àwọn kan á ní òpè ni wọ́n. N ò ní bá wọn sọ ọ́. Ṣebí àwa náà ń fi JP kún orúkọ wa tí a bá ti Jerúsálẹ́mù dé? Louis Kọkànlá, odindi ọba ilẹ̀ Faransé tí wúrà ò wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, ère ẹni mímọ́ tí wọ́n fi òjé ṣe ló ń lẹ̀ mọ́ fìlà.

Lọ́dún 1538, Ọba Henry Kẹjọ ní kí wọ́n wó ibojì Becket, kí wọ́n sì pa àwòrán rẹ̀ rẹ́ níbi gbogbo. Wúrà àti òkúta iyebíye ibẹ̀ di ti ọba. Ta ló máa wá yọ ara rẹ̀ lẹ́nu nítorí òjé? Ọ̀pọ̀ báàjì wọ̀nyí ti sọnù sínú ẹrẹ̀ odò Thames ní London, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè jẹ wọ́n run, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń hú wọn jáde títí dòní. Ọ̀kan irú wọn wà ní mùsíọ́mù Metropolitan ní New York. Ibojì náà gan-an ló wà lára rẹ̀, ènìyàn kékeré kan sì ń nàka sí òkúta pupa ńlá tí ọba ilẹ̀ Faransé mìíràn fi ta ibojì náà lọ́rẹ. Àwọn òpìtàn tó fẹ́ mọ bí ohun tí Henry wó ṣe rí, irú òjé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò.